Kòríà, Jàpáànì tàbí Táíláǹdì: Níbo ni olùkọ́ eré ìjà láti Ìkòròdú yẹ kó lọ kọ́ṣẹ́ sí i?

Ní gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ tí mo ń háyà ní ọjọọjọ́ Sátidé ní Ìgbógbo, ní Ìkòròdú, ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọdé àti àwọn ọ̀dọ́ ní taekwondo, kò sì sí oṣù kan tí ọ̀kan nínú àwọn tó ti gba bẹ́líìtì dúdú kò ní fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti bi mí pé, "Ọ̀gá, níbo lẹ rò pé ó yẹ kí n lọ?" Ilẹ̀ òkèèrè tí wọ́n lè lọ kọ́ eré ìjà sí i, tí wọ́n á sì ti gba ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ bọ̀, ni wọ́n ń wádìí. Wọ́n á ti rí àwòrán lórí fóònù: tẹ́ḿpìlì Shaolin, etíkun Phuket, gbọ̀ngàn ńlá kan ní Seoul. Gbogbo rẹ̀ ń dán lójú wọn bákan náà, bẹ́ẹ̀ wọn kò jọra rárá.

Ìbéèrè tí mo máa ń fi dá wọn lóhùn ni pé iṣẹ́ wo ni wọ́n fẹ́ fi ohun tí wọ́n bá kọ́ ṣe nígbà tí wọ́n bá padà dé Ìkòròdú. Ẹni tó fẹ́ máa kọ́ ọmọdé, ẹni tó fẹ́ máa kó ẹgbẹ́ lọ sí ìdíje, àti ẹni tó fẹ́ kí ara òun fúnra rẹ̀ le sí i kó tó pé ọgbọ̀n ọdún, ọ̀nà wọn kò papọ̀, bí gbogbo wọn tilẹ̀ ń pe ìrìn àjò náà ní orúkọ kan ṣoṣo.

Ọwọ́ ta ló wà lórí ìwé náà?

Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń wò ni ẹni tí yóò fọwọ́ sí ìwé-ẹ̀rí náà, lẹ́yìn náà ni mo máa ń wádìí bóyá àwọn tó ń gba orúkọ olùkọ́ sílẹ̀ nílé níbí mọ ẹni náà. Ara ọmọ iṣẹ́ mi kan ni mo ti kọ́ ọgbọ́n yìí. Ó kó owó tó fi ọdún méjì tọ́jú lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́wàá ní orílẹ̀-èdè kan tí n kò ní dárúkọ, ó sì gbé ìwé kan bọ̀ tó ní èdìdì aláwọ̀ wúrà, tí wọ́n kọ "olùkọ́ àgbáyé" sí lára. Nígbà tó gbé e lọ fún àwọn tó ń ṣètò ìdíje, nọ́ńbà Dan rẹ̀ (ìyẹn ìpele bẹ́líìtì dúdú) ni wọ́n béèrè, wọ́n wá orúkọ rẹ̀ títí, wọn kò rí i. Ẹni tó ṣètò ẹ̀kọ́ náà kò kúkú purọ́ tán: ó ní ẹgbẹ́ àgbáyé kan lóòótọ́, òun àti ìyàwó rẹ̀ ni ọmọ ẹgbẹ́. Ohun tó ká mi lára jù ni pé ọmọ náà kọ́ nǹkan níbẹ̀, ìtàpá rẹ̀ mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìwé ló lọ wá, ìtàpá ló rí mú bọ̀.

Nínú taekwondo, ó yẹ kí èèyàn mọ ilé mẹ́ta yàtọ̀ síra kó tó san kọ́bọ̀. Kukkiwon, tó wà ní àdúgbò Gangnam ní Seoul, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1972, ni ó ń fúnni ní ìwé Dan tí ó sì ń dá olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́. World Taekwondo, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀lé e, ni ó ń darí ìdíje, títí kan ti Òlíńpíìkì, níbi tí taekwondo ti ń gba àmì-ẹ̀yẹ ní kíkún láti ìgbà Sydney 2000; ọ̀nà yẹn ni Chika Chukwumerije gbà tó fi mú idẹ wálé fún Nàìjíríà láti Beijing ní 2008. Ìkẹta ni ITF, àjọ taekwondo mìíràn tí Choi Hong Hi, ọmọ Kòríà, dá sílẹ̀ ní 1966, tí ó ní ìlànà tirẹ̀, tí Dan rẹ̀ kì í sì í ṣe Dan Kukkiwon. Ẹni tí kíláàsì rẹ̀ nílé bá jẹ́ ti ITF, tó wá lọ náwó sí Kukkiwon nítorí pé Seoul lókìkí, yóò padà wá bá ara rẹ̀ láàárín ilé méjì.

Kòríà fún ẹni tó fẹ́ kọ́ni

Bí ó bá jẹ́ pé iṣẹ́ olùkọ́ ni ẹ fẹ́ fi taekwondo ṣe, n kò rò pé ibì kan ju Kòríà lọ, ṣùgbọ́n àsìkò tí ẹ máa lọ ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe máa lọ. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Kukkiwon fún ọ̀gá olùkọ́ láti ilẹ̀ òkèèrè pín sí ìpele mẹ́ta, ìpele kẹta tó jẹ́ ti ìbẹ̀rẹ̀ sì ń béèrè Dan kẹrin. Láti Dan kìn-ín-ní sí ìkejì, ó kéré tán, ọdún kan ni èèyàn gbọ́dọ̀ dúró. Láti ìkejì sí ìkẹta, ọdún méjì. Láti ìkẹta sí ìkẹrin, ọdún mẹ́ta. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò, ọdún mẹ́fà ni lẹ́yìn bẹ́líìtì dúdú àkọ́kọ́, bí èèyàn kò bá tilẹ̀ fìdí rẹmi nínú ìdánwò kankan. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ ọdún ogún kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Dan kìn-ín-ní bá ń sọ fún mi pé òun ń lọ gba ìwé olùkọ́ àgbáyé ní Seoul lóṣù tó ń bọ̀, mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń ta ojú ọ̀run fún un.

Ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀ kì í pẹ́. Ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é, tíọ́rì wà nínú rẹ̀, poomsae (ìgbésẹ̀ tí a tò létòlétò, tí a ń ṣe láìní alátakò) wà, ìjà wà, ìdánwò sì ni wọ́n fi ń parí rẹ̀. Ẹni tó bá lọ fún un láìtíì gbọn poomsae rẹ̀ mọ́ nílé kò ní rí àyè kọ́ ọ níbẹ̀, nítorí àtúnṣe kékeré sí ohun tí èèyàn ti mọ̀ ni wọ́n ń ṣe: ibi tí ìgúnpá yẹ kó dúró, bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ṣe yẹ kó yí. Àwọn àtúnṣe yẹn gan-an ni èrè ìrìn àjò náà fún ẹni tó ń kọ́ni, nítorí àṣìṣe kan ṣoṣo lára olùkọ́ a máa di àṣìṣe ogójì ọmọ láàárín ọdún kan. Yàtọ̀ sí Seoul, Taekwondowon wà ní Muju, láàárín òkè, tí wọ́n ṣí ní 2014, ààyè ibẹ̀ fẹ̀ ju ti inú ìlú lọ. Kukkiwon sì tún máa ń gbé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìwé kan náà, ìbuwọ́lù kan náà. Ẹni tó bá ń fojú sí ìkéde wọn lè rí èyí tó sún mọ́ ilé ju Seoul lọ.

Èdè kò le níbẹ̀ tó bí àwọn èèyàn ṣe ń bẹ̀rù. Ọmọ ọdún méje tó ń ka hana, dul, set (ení, èjì, ẹ̀ta lédè Kòríà) ní Ìgbógbo yóò lóye àṣẹ inú gbọ̀ngàn Seoul. Òtútù ni kí ẹ bẹ̀rù. Ẹni tó bá lọ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì tó rà ní Ọjà Sábó yóò rántí oòrùn Ìkòròdú pẹ̀lú ìfẹ́.

Jàpáànì: judo ní ọ̀nà tirẹ̀, karate ní tirẹ̀

Fún judo, Kodokan ní Tokyo ni gbogbo ènìyàn ń lọ. Kano Jigoro ló dá a sílẹ̀ ní 1882, gbọ̀ngàn ńlá rẹ̀ lónìí sì gba ẹní tatami 420. Ohun tó dùn mọ́ mi nípa ibẹ̀ ni pé wọ́n ń gba àlejò: ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ lè wọlé lọ́jọ́ ìdánrawò, kí ó tẹrí ba fún àgbàlagbà ẹni àádọ́rin ọdún kan, kí ó sì rí ara rẹ̀ ní ilẹ̀ kó tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní wọ́n máa ń ṣe kangeiko, ìdánrawò inú òtútù ní òwúrọ̀ kùtùkùtù. Ní oṣù keje wọ́n máa ń ṣe ti inú ooru. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ kata (ìgbésẹ̀ judo tí a tò létòlétò) dáadáa kò ní rí ibi tó dára jù ú lọ.

Síbẹ̀, fún ẹni tó fẹ́ ìwé olùkọ́ judo, n kò ní sọ pé kó kọ́kọ́ lọ sí Kodokan. Àjọ judo àgbáyé, IJF, ní ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní IJF Academy, níbi tí èèyàn ti ń ka tíọ́rì lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ilé rẹ̀, kí ó tó wá lọ fún ẹ̀kọ́ ojúkojú àti ìdánwò ní Malta tàbí ibòmíràn tí àjọ náà bá yàn. Ẹ fi méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Kodokan ń fúnni ní ìjìnlẹ̀ judo, ó sì ń jẹ́ kí èèyàn fọwọ́ kan orísun. IJF Academy ń kọ́ni bí a ṣe ń kọ́ni: ètò kíláàsì, ààbò ọmọdé, bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wa tó gba bẹ́líìtì dúdú ní Èkó kò rí ẹni kọ́ wa rí. Èyí tó pọ̀ jù nínú àkókò ẹ̀kọ́ náà, ilé ni èèyàn yóò ti lò ó, ìyẹn sì dín owó yàrá kù. Bí iná bá lọ ní Àgríìkì, ẹ ṣáà ti ní ẹ̀rọ amúnáwá.

Ti karate ṣòro láti fi ẹnu kan sọ. Ẹgbẹ́ karate JKA ní Tokyo ti ń dá olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́ láti 1956, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ojoojúmọ́ tó ń gba ọdún ni, tí ó le gan-an, tí ìwọ̀nba àlejò díẹ̀ sì ń wọ̀. Kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì ṣe. Okinawa, níbi tí karate ti ṣẹ̀ wá, yàtọ̀ pátápátá. Wọ́n ṣí Okinawa Karate Kaikan ní Tomigusuku ní 2017, ọ́fíìsì kan sì wà tó ń bá àlejò wá dójò (ilé ìdánrawò) tó bá ẹ̀yà karate rẹ̀ mu, ìbáà ṣe Goju-ryu, Uechi-ryu tàbí Shorin-ryu. Ohun tí àwọn àlejò kì í mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ dójò níbẹ̀ kéré, òmíràn wà lábẹ́ ilé tí olùkọ́ ń gbé, iṣẹ́ mìíràn ni olùkọ́ náà ń ṣe lọ́sàn-án, alẹ́ ọjọ́ díẹ̀ lọ́sẹ̀ nìkan ni ó sì ń kọ́ni. Ẹni tó bá rò pé òun yóò máa dánra wò láti òwúrọ̀ di alẹ́ yóò jókòó ní yàrá tó ń sanwó fún. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní sùúrù, tó mú lẹ́tà olùkọ́ rẹ̀ láti ilé dání, tí kò sì sọ̀rọ̀ púpọ̀, yóò rí ohun tí a kì í rí lórí fídíò.

Ó yẹ kí n fi èyí kún un: karate wà ní Òlíńpíìkì Tokyo tí wọ́n ṣe ní 2021, kò sí ní ti Paris ní 2024. Ìrànwọ́ tó ń gba ọwọ́ ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì máa ń tẹ̀lé àwọn eré tó wà nínú ètò Òlíńpíìkì, nítorí náà judo àti taekwondo ní ilẹ̀kùn kan tí karate kò ní.

Táíláǹdì, níbi tí kò sí bẹ́líìtì

Muay Thai kò ní bẹ́líìtì nínú àṣà rẹ̀, èyí sì ni ohun tó máa ń da àwọn ọmọ wa láàmú. Ìwé tí àgọ́ ìdánrawò kan bá fún yín níbẹ̀ lè jẹ́ ẹ̀rí pé ẹ lo oṣù kan lọ́dọ̀ wọn. Ohun tí ẹ bá lè ṣe ni ìwé yín tòótọ́. Ìdánrawò máa ń wáyé lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, Mọ́ńdè títí di Sátidé: wọ́n á sáré ní ìdájí, wọ́n á fo okùn, wọ́n á lu àpò, wọ́n á dì mọ́ ara wọn ní ọrùn, wọ́n á sinmi nígbà tí oòrùn bá mú, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ara èèyàn yóò gba ohun tí oṣù mẹ́fà ti Sátidé nìkan kò lè fún un. Ooru ibẹ̀ kò yàtọ̀ sí tiwa, èyí tó jẹ́ pé àwọn òyìnbó ń ṣubú lulẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ọmọ Ìkòròdú ń béèrè omi lásán.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí mo gbà pé olùkọ́ eré ìjà èyíkéyìí lè kọ́, ìbáà ṣe taekwondo ló ń ṣe: bí wọ́n ṣe ń gbá páàdì mú. Olùkọ́ Muay Thai tó di páàdì mú kì í dúró bí ògiri. Ó ń dá ìgbésẹ̀ ọmọ, ó ń ta á jí, ó ń fìyà jẹ ẹ́ nígbà tó bá já ọwọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá lo oṣù kan, tó sì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n kọ́ òun bí a ṣe ń gbá a mú dípò kí ó kàn máa gbá a, yóò yí kíláàsì rẹ̀ nílé padà. Èyí ni mo máa fi owó mi san tí mo bá tún di ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbà kí wọ́n fi yín sínú ìjà gidi ní ọ̀sẹ̀ kejì nítorí pé ẹ ga tí ẹ sì lágbára. Àwọn àgọ́ kan kì í wo ìyẹn méjì. Ẹni tí wọ́n bá ta nípàá ní egungun ìhà láìní ìbánigbófò yóò lóye ìdí tí àwọn àgbà wa fi sọ pé ìjà kò dọlà, orúkọ ló ń sọni.

Mo lè yára kọjá Ṣáínà àti Bràsíl. Yíká tẹ́ḿpìlì Shaolin ní Dengfeng, ní ìpínlẹ̀ Henan, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ló wà, àwọn kan tóbi bí ìlú kékeré, orúkọ Shaolin lára pátákó wọn kò sì sọ pé tẹ́ḿpìlì ló ni wọ́n. Ó dára fún ẹni tí wushu, eré ìjà Ṣáínà, wù. Wọ́n fi wushu sínú eré Òlíńpíìkì àwọn ọ̀dọ́ ti Dakar 2026, nítorí náà kì í ṣe eré inú fíìmù mọ́. Ní Bràsíl, jiu-jitsu kò ní ọ̀nà àbùjá: ìlànà àjọ jiu-jitsu IBJJF ní kí èèyàn lo ọdún méjì pẹ̀lú bẹ́líìtì búlúù kó tó kọjá, dúdú sì ń gba nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ lọ síbẹ̀ láti gbá ara yín mọ́lẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó mọ̀ ọ́n, ẹ má lọ wá bẹ́líìtì.

Ìwé, owó, àti kíláàsì tí ẹ fi sílẹ̀

Gbogbo orílẹ̀-èdè tí mo ti dárúkọ ń béèrè físà lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà, wọn kì í sì í béèrè ohun kan náà. Jàpáànì fẹ́ lẹ́tà ìpè àti onídùúró níbẹ̀, ó sì ní irú físà kan fún ẹ̀kọ́ àṣà, tó bá ẹni tó ń lọ kọ́ budo (eré ìjà Jàpáànì) fún ìgbà pípẹ́ mu ju físà ìbẹ̀wò lọ. Ṣáínà ya físà akẹ́kọ̀ọ́ sọ́tọ̀: X2 fún ọgọ́sàn-án ọjọ́ tàbí kí ó dín, X1 fún èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ní kọ́ńsúléètì ní Èkó, nígbà tí ẹ́ḿbásì Jàpáànì àti ti Táíláǹdì wà ní Àbújá. Ní 2024, Táíláǹdì dá físà DTV sílẹ̀, tó dárúkọ ẹ̀kọ́ Muay Thai gbangba, tó sì ń fàyè gba ọgọ́sàn-án ọjọ́ ní ìwọlé kan; ṣùgbọ́n ó ń béèrè ẹ̀rí baht 500,000 ní báńkì, owó tí kò sí lọ́wọ́ ẹni tó ń fi owó Sátidé gbọ́ bùkátà. Ẹni tó bá fẹ́ lọ fún oṣù kan kò nílò irú rẹ̀. Táíláǹdì tún ń béèrè káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú lọ́wọ́ ẹni tó bá ti Nàìjíríà wá. Ẹ gba ti òtítọ́, ẹ má ra èyí tí wọ́n ń tà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Kí pásípọ́ọ̀tù yín ṣì ní oṣù mẹ́fà ó kéré tán.

Ní ti owó, ẹ wo ibi tó ń lọ ju iye rẹ̀ lọ. Owó ọkọ̀ òfuurufú ni gbogbo wọn fi bára mu, nítorí ìrìn àjò láti Èkó yóò gba ibòmíràn kọjá, irú bí Addis Ababa, Doha tàbí Istanbul. Ní Tokyo, owó ìdánrawò Kodokan kéré sí owó yàrá àti oúnjẹ. Ní Táíláǹdì, ọ̀pọ̀ àgọ́ máa ń pa yàrá àti ìdánrawò pọ̀ sí owó kan, èyí sì mú kí ìṣirò rọrùn. Owó tí kò sí ẹni tó ń kọ sílẹ̀ ni ti kíláàsì tí ẹ fi sílẹ̀ nílé: bí ẹ bá lọ fún oṣù mẹ́ta láìfi ẹni tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé sípò, ìdajì àwọn òbí yóò ti kó ọmọ wọn lọ sí kíláàsì tó wà ní Ọ̀gọ́lọ́ńtò kí ẹ tó dé.

Èyí tó wà nítòsí

Kí èèyàn tó ná gbogbo èyí, ó yẹ kó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọmọ orílẹ̀-èdè ECOWAS lè dúró fún àádọ́rùn-ún ọjọ́ ní Gánà, Bẹ̀nẹ̀ tàbí Sẹ̀nẹ̀gà láìgba físà. Láti Ìkòròdú, ẹni tó bá jí ní kùtùkùtù lè gba Máìlì Kejìlá lọ sí Máìlì Kejì, kí ó gba Àgbádárìgì dé Sẹ̀mẹ̀, kí ó sì sùn ní Kútọ̀nú lálẹ́ ọjọ́ kan náà, bí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ bá gbà fún un. Judo fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé, ọ̀sẹ̀ méjì láàárín àwọn tí a kò mọ ọwọ́ ìjà wọn rí sì lè kọ́ èèyàn ju bó ṣe rò lọ. Bákan náà, ètò Olympic Solidarity ti ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì àgbáyé máa ń san owó kí onímọ̀ láti àjọ àgbáyé wá kọ́ àwọn kóòṣì ní orílẹ̀-èdè wọn, ó sì ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún kóòṣì ní ilẹ̀ òkèèrè. Ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì Nàìjíríà ni ó ń fi orúkọ ránṣẹ́, láti ọwọ́ ẹgbẹ́ eré kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé ẹgbẹ́ kò ní gbọ́ nípa rẹ̀ títí yóò fi parí.

Ní oṣù tó kọjá, ẹni mẹ́ta bi mí ní ìbéèrè kan náà ní ọjọ́ Sátidé kan. Èyí tó ní Dan kẹrin tó sì ní ọgọ́ta ọmọ ní kíláàsì rẹ̀, mo ní kó kọ̀wé sí Kukkiwon. Èyí tó ń ṣe judo, tó ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba, mo ní kó bẹ̀rẹ̀ IJF Academy láti ilé, kí ó fi Tokyo sílẹ̀ di ìgbà tó bá ti gba ìwé náà. Ẹ̀kẹta jẹ́ ọmọbìnrin kan tó ní Dan kejì, tó ti tọ́jú owó Seoul sí báńkì. Mo ní kó dúró. Mo sì ní kó mú díẹ̀ nínú owó náà ra páàdì mẹ́rin, kí ó gba kíláàsì àwọn ọmọdé lọ́wọ́ mi ní àárọ̀ Sátidé, kí n máa wò ó láti ẹnu ọ̀nà. Ó ti ra páàdì náà. Inú ṣì ń bí i sí mi díẹ̀.